Rọ́bà Abẹ́ Gíà tí Ọdẹ́rìndé Wá Lọ sí Igbó Jìgìjìgì

Ẹ jókòó kí ìdí yín balẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, nítorí ọ̀rọ̀ ìjókòó ni mo fẹ́ sọ, ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ ní ìdúró yóò gbàgbé ìdajì rẹ̀ kí ó tó délé. Kí ẹni tí ń gún ata lẹ́yìn ilé nì dáwọ́ dúró díẹ̀, kí a má bàa sọ pé ata ni ó pa wá lẹ́kún. Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ẹ mọ̀ mí. Mo ti dúró lójú ọ̀nà fún ẹfọ̀n tí ó ń bínú bọ̀, mo sì bi í pé ta ni ó ń wá. Ẹfọ̀n náà ni ó kọ́kọ́ yà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí ó bá ń rẹ́rìn-ín, kí ó lọ bi ẹfọ̀n. Ṣùgbọ́n bí mo ti gbójú tó yìí, n kò dé ibi tí ọ̀gá mi Ọdẹ́rìndé dé, n kò sì gbàdúrà kí n dé ibẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ fún mi, tí ojú rẹ̀ gbẹ, tí ohùn rẹ̀ sì tutù.

Ọdẹ́rìndé jẹ́ ọdẹ ní ìlú Abẹ́-Àràbà, ó sì tún jẹ́ alàgbà nínú ìjọ. Ní ọjọ́ Sátidé ẹ lè bá a nínú igbó pẹ̀lú ìbọn. Ní ọjọ́ Ìsinmi ẹ óò bá a ní ìjókòó iwájú, tí ó ń fi ohùn ìsàlẹ̀ gbe orin. Ìbídùn ni ìyàwó rẹ̀. Ọlọ́run kò fún wọn ní ọmọ, wọ́n wá di ọmọ fún ara wọn, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Ọkàn Ìbídùn ni àìsàn mú. Kì í ṣe èyí tí a fi ń fẹ́ràn ènìyàn, ìyẹn le bí àpáta; ẹran tí ń lù nínú àyà ni mo ń wí. Nọ́ọ̀sì tí ó ń wá bẹ ìlú náà wò fi etí sí àyà rẹ̀, ó sì pẹ́ kí ó tó gbé orí sókè. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù Ẹ̀bá-Odò, ní òdìkejì òkè, nítorí dókítà tí ó mọ iṣẹ́ ọkàn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀: obìnrin yìí kò gbọdọ̀ mì. Bí wọ́n bá gbé e sórí ọ̀kadà, yóò kú. Bí wọ́n bá fi àga gbé e kọjá lórí òkúta, tí ẹsẹ̀ ẹnì kan sì yẹ̀, yóò kú. Ó ní ọkàn rẹ̀ dà bí ẹyin tí ó ti sán, tí omi inú rẹ̀ kò tíì jò.

Mọ́tò kan ṣoṣo ni ó wà ní Abẹ́-Àràbà. Ọ̀gá ilé-ìwé kan tí ó fẹ̀yìn tì ni ó fi ta ìlú lọ́rẹ, òun ni ó sì kọ Ìfaradà sí iwájú rẹ̀. Ọdẹ́rìndé ni ó ń wà á. Ó ti fi gbé aboyún, ó ti fi gbé ẹni tí ejò bù jẹ, ó ti fi gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ. Ìlú fẹ́ràn mọ́tò náà bí ọmọ. Ní ọjọ́ ọdún ọdẹ, àwọn ọdẹ a da epo pupa sí i, nítorí irin ni, irin kì í sì í gbẹ lọ́wọ́ ọdẹ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún, ìjọ a da òróró àdúrà sí i. Ọdẹ́rìndé kò sì jẹ́ kí wọ́n dà á sórí rẹ̀ lásán. Ó ní ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn, a kì í fi fìlà rìn. Òun fúnra rẹ̀ ni í wọ abẹ́ mọ́tò lọ, tí í fi ọwọ́ pa epo àti òróró náà mọ́ ìdí gíà, nítorí ó gbà pé ibẹ̀ ni agbára wà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń wí yìí, mọ́tò náà ń ṣàìsàn tirẹ̀. Bí Ọdẹ́rìndé bá fi í sí rìfáàsì láti fi ẹ̀yìn rìn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a dún gbò, bí ẹni ju odó lulẹ̀. Bí ó bá gbéra, ọ̀pá gíà a ta kìjí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná tí a fi ń sáré, a tún ta padà. Ìjókòó ẹ̀yìn a máa gbọ̀n títí eyín èrò a fi máa kan ara wọn. Ta ni yóò gbé ẹyin tí ó ti sán sínú ìyẹn?

Ọdẹ́rìndé ránṣẹ́ pe Sùbérù, mẹkáníìkì tí ó máa ń gba ìlú náà kọjá, Mùsùlùmí tí kì í purọ́ àfi bí ó bá ń sọ bí ẹja tí ó pa ti tóbi tó. Wọ́n kọ́kọ́ ṣìnà. Sùbérù ní gíà ni. Ó da epo inú rẹ̀ dànù, ó rọ òmíràn. Gbò náà wà níbẹ̀. Ó ní kílọ́ọ̀ṣì ni. Ó tú u, ó tún un ṣe. Gbò náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ó wá ń sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ odidi gíà, Ọdẹ́rìndé ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó dùbúlẹ̀ bí ẹni tí ó ń ṣọ́ ìkookò. Ó ní kí Sùbérù wọ inú rẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kí ó ki gíà bọ̀ ọ́, kí ó sì rọra máa tẹ iná. Ọdẹ gidi kì í lépa ariwo. Ibi tí koríko ti ń mì ni í wò. Ó sì rí i. Gíà náà fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́, ó sì jábọ́ lé irin tí ó gbé e dúró.

Wọ́n fi jáàkì àti pákó gbé ìdí rẹ̀ díẹ̀, Sùbérù sì fi irin gbọọrọ hú ibẹ̀ wò. Rọ́bà tí ó yẹ kí ó wà láàrin gíà àti irin, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní síìtì gíà, ti wú, ó ti rọ̀ bí àkàrà tí a gbàgbé sínú ẹ̀kọ, ó sì ti já kúrò lára irin rẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ti kú. Sùbérù gé bàtà sílípáàsì, ó ká a, ó fi há ibẹ̀. Kí wọ́n tó dé ẹsẹ̀ òkè, ó ti di lẹ́búlẹ́bú. Ó wá nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì sọ òótọ́.

“Bàbá, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tú mọ́tò àlòkù tà ni mo ti dé. Ẹni tó ṣe síìtì eléyìí ti kú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tà náà ti kú.”

Bàbá tí ó bí Ọdẹ́rìndé ti sọ fún un rí pé lẹ́yìn igbó tí a mọ̀, igbó kan wà tí a kò mọ̀, Igbó Jìgìjìgì, àti pé ní òpin rẹ̀ ni ìyá gbogbo rọ́bà ayé ń gbé. Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ìbídùn jókòó sórí ẹní, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, nítorí kò lè dùbúlẹ̀ mọ́ kí èémí má há a.

Ó ní, “Ọkọ mi, lọ kí o tètè dé. Jẹ́jẹ́ ni mo ti jókòó láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́. N óò jókòó jẹ́jẹ́ dè ọ́.”

Ẹ má bi mí nípa ọ̀nà. Ọ̀nà tí ènìyàn lè júwe, ọlọ́jà ni í gbà á.

Igbó Jìgìjìgì kò tíì sinmi láti ìgbà tí a ti dá a. Igi ń gbọ̀n, òkúta ń gbọ̀n, òjìji igi pàápàá ń gbọ̀n lórí ilẹ̀ tí ó ń gbọ̀n. Ẹyẹ kò lè bà. Inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń yé ẹyin sí, tí ẹyin ń fọ́. Ọdẹ́rìndé ya ẹnu láti gbàdúrà, àdúrà náà já sí wẹ́wẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀ fún Ọlọ́run pé yóò bá òun so ó pọ̀. Ní ẹnubodè, iwin kan tí à ń pè ní Àgbérí jókòó. Ó ru àpáta lórí lásán, àpáta náà sì ti jẹ orí rẹ̀ wọlé títí ojú rẹ̀ fi sọ̀kalẹ̀ wá sí ọrùn.

“Ọdẹ arúgbó,” ni iwin náà wí, “ìbọn rẹ ń gbọ̀n ju ìrù ewúrẹ́ lọ. Ṣé kí n bá ọ dì í mú?”

“Ọrùn tìrẹ ni kí o dì mú,” ni Ọdẹ́rìndé dá a lóhùn, “ìwọ tí orí rẹ ti di odó.”

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí àpáta fi tún wọlé sí i. Ó ní ọdẹ yìí lẹ́nu, kí ó wá fi ẹnu náà dáhùn àlọ́ kan. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ọdẹ náà ni yóò gba àpáta náà rù. Ó ní, “Àwọn méjì ń gbé ara wọn, ẹnì kẹta wà láàrin wọn, tí kò jẹ́ kí wọ́n pa ara wọn. Wọ́n jọ lo ẹnì kẹta náà gbó, wọ́n jù ú sígbẹ̀ẹ́. Ta ni?”

Ọdẹ́rìndé kọ́kọ́ rò pé onílàjà ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó rí Ìbídùn lójú inú, bí ó ti máa ń ká ìdajì ìró rẹ̀ róbótó kí ó tó gbé ìkòkò omi karí. Ó ní òṣùká ni. Ó ní òun ni ó wà láàrin ẹrù àti orí, òun ni ẹrù ń tẹ̀, òun ni orí ń tì, a kì í sì í kí i nígbà tí a bá sọ̀. Bí ó ti ń wí i ni ó yé e pé òṣùká gíà ni rọ́bà tí òun ń wá kiri. Àgbérí kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun náà ní òṣùká nígbà kan rí, òun bọ́ ọ dànù nítorí òun kò rí iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ó sì ṣí ẹnubodè.

Lẹ́yìn igbó náà ni ìlú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mi-ò-ní-yẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń jà sí ààlà ilẹ̀, ẹ sún mọ́ mi. Ní ìlú yìí, eegun kò ní ẹran láàrin. Bí wọ́n bá ń rìn, wọ́n a máa dún bí ìlẹ̀kùn àtijọ́. Ẹni méjì tí ó bá pàdé lójú ọ̀nà kò ní yẹ̀ fún ara wọn. Ibẹ̀ ni wọn yóò dúró sí títí wọn yóò fi kú, òkìtì eegun ni ó sì wà ní gbogbo oríta. Ọba méjì jókòó lórí ìtẹ́ kan, wọ́n ń kan ara wọn níwájú orí, àwọn ìjòyè sì ń patẹ́wọ́. Kò sí bí ènìyàn ti lè gba ìlú náà kọjá àfi kí ó yẹ̀ fún gbogbo wọn. Ọdẹ́rìndé, tí ẹfọ̀n ń sá fún, dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, ó dọ̀bálẹ̀ fún òbúkọ kan tí ó dúró sí àárín ọ̀nà. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní, “Ẹ wo ẹni-ẹní, ẹ wo bàbá tó ń ṣe ẹní fún ewúrẹ́.” Ó ń dọ̀bálẹ̀ lọ. Ohun tí ó dùn ún ni pé ìlú náà gùn, ìdọ̀bálẹ̀ sì pọ̀, gbogbo àkókò tí ó fi wà ní ìdojúbolẹ̀, Ìbídùn wà níbi ògiri tí ó ń wá èémí.

Ó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Onírọ́bà. Obìnrin náà ga bí igi, èèpo igi ni awọ ara rẹ̀, a sì ti kọ ọ́ nílà láti ọrùn dé kókósẹ̀. Lábẹ́ ilà kọ̀ọ̀kan ni agolo kékeré kan so rọ̀ sí, omijé funfun sì ń kán sínú wọn. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tí ó ti jẹ̀rora pẹ́. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í gba rọ́bà lọ́wọ́ òun láì jẹ́ pé òun náà ti ṣe rọ́bà rí. Àpáta méjì wà lẹ́yìn ilé òun, ọmọ ìyá ni wọ́n, wọ́n sì ń kọlu ara wọn láti ìpìlẹ̀ ayé. Kí ó lọ jókòó láàrin wọn, títí ìbínú wọn yóò fi rọ̀.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná. Ọdẹ́rìndé lọ jókòó. Àpáta tọ̀tún kọlù ú, tòsì kọlù ú. Egungun ìhà rẹ̀ ń kígbe, òun kò kígbe. Nígbà tí ó wà níbẹ̀ ni ó rántí àwọn ọjọ́ tí ó ti igbó dé lọ́wọ́ òfo, tí inú rẹ̀ le sí gbogbo ayé, tí ó jẹ́ pé Ìbídùn ni ìbínú náà kọ́kọ́ bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà yóò gbé omi fún un, yóò bi í pé báwo ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rántí pé àwọn ará ilé àti ará àdúgbò ń pè é ní ènìyàn pẹ̀lẹ́, láì mọ ẹni tí ń bá a ru ìyókù. Àwọn ènìyàn mi, ó wí fún mi pé àpáta kò dùn ún tó ìyẹn.

Nígbà tí ìbínú àpáta rọ̀, Ìyá Onírọ́bà mú síìtì mẹ́ta jáde, dúdú, tuntun, tí irin àti rọ́bà wọn di ara wọn mú bí ọmọ àti ìyá. Ó fi wọ́n sí ọwọ́ rẹ̀, ó wá bi í léèrè ohun tí wọ́n ń fún àwọn ti àtijọ́ jẹ.

Ọdẹ́rìndé ní àwọn kò fún wọn ní nǹkan kan. Ó ní àwọn kàn ń súre fún mọ́tò náà ni, pẹ̀lú epo pupa àti òróró.

“Níbo ni ẹ ń dà á sí?”

“Ìdí gíà. Èmi fúnra mi ni mo ń fi ọwọ́ pa á.”

Ìyá Onírọ́bà wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Irin a máa fẹ́ epo. Ọmọ mi ni epo ń pa. Ẹ̀yin ni ẹ pa á, ọwọ́ rẹ sì ni ẹ fi pa á.” Ó ní kí wọ́n pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bí wọ́n bá fi ẹyọ kan tí ó gbó sílẹ̀, yóò fa àwọn tuntun mọ́ra lọ sí ikú. Ó ní kí epo má tún kàn wọ́n láé. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí igbó, ó ń bá ẹkún rẹ̀ lọ.

N kò mọ bí ó ti padà dé. Òun náà kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ìtìjú gbé òun kíá ju ẹsẹ̀ lọ.

Ìbídùn wà láàyè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ètè rẹ̀ ti dúdú, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i láti ibi ògiri. Ọdẹ́rìndé kò tilẹ̀ mu omi. Òun àti Sùbérù fi jáàkì sí abẹ́ gíà, wọ́n fi pákó sórí jáàkì kí irin má bàa pa irin lára, wọ́n gbé e díẹ̀, wọ́n tú àwọn bóòtì. Òkú rọ́bà jábọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀dọ̀. Wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ títí epo ọdún gbogbo fi ṣí kúrò, wọ́n nù ún gbẹ. Wọ́n fi ọwọ́ yí bóòtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé lákọ̀ọ́kọ́ kí gíà lè wá ibi tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n sọ jáàkì kalẹ̀ tí gíà jókòó lórí òṣùká rẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n tó fi sípánà fún un dan-in. Sùbérù tẹ bíréèkì, ó ki gíà bọ̀ ọ́, ó tẹ iná. Ọdẹ́rìndé wà ní abẹ́. Koríko kò mì.

Bí ó ti jáde wá, àwọn ọdẹ ti dé pẹ̀lú kèrègbè epo, àwọn ìjọ ti dé pẹ̀lú ìgò òróró. Wọ́n ní a kì í rin ìrìn ikú àti ìyè láì súre fún ẹsẹ̀ tí a óò fi rìn ín. Ọdẹ́rìndé dúró sí ẹnu mọ́tò, ó na apá. Olórí ọdẹ ní igbó ti yí orí rẹ̀ padà. Ẹnì kan nínú ìjọ ní alàgbà tí ó bá kọ òróró, kí ni ó kù tí kò ní kọ̀? Ọ̀rọ̀ náà di fà-á-kí-n-fà-á, oòrùn sì ń yí.

“Ọwọ́ mi ni mo fi pa á,” ni Ọdẹ́rìndé wí. “Epo yín àti òróró wa ni ó jẹ rọ́bà náà run. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ẹni tí ó bá ní òróró lọ́wọ́, kí ó lọ dà á sórí Ìbídùn. Òun ni ó ń ṣàìsàn.”

Àwọn kan bínú lọ sílé. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìjọ, ọkùnrin arúgbó onírẹ̀lẹ̀, wọlé, ó kúnlẹ̀, ó fi òróró kan iwájú orí Ìbídùn, ó sì sunkún bí ọmọ.

Wọ́n fi ìrọ̀rí tẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n gbé e sí i. Mọ́tò gbéra. Ọ̀pá gíà dúró jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ Ọdẹ́rìndé bí ọwọ́ ọ̀rẹ́. Wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, kò dún. Wọ́n ń gun òkè, kò dún.

Ìbídùn ní, “Kò dún mọ́.”

Ó ní, “Kò dún mọ́, Ìbídùn.”

Ìbídùn ní, “Ó dára. Ó ti pẹ́ tí mo ti sùn.”

Ọdẹ́rìndé wò ó nínú dígí, ó rí i pé ó ti gbé orí lé ìrọ̀rí, tí ojú rẹ̀ ti dí. Inú rẹ̀ dùn. Ó rọra ń gbe orin ìsìn lábẹ́ ahọ́n, ohùn ìsàlẹ̀ nìkan, kí ó má bàa jí i. Gbogbo kòtò ni ó yà fún. Gbogbo òkúta ni ó bẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń wa mọ́tò, òun kò wà á dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí, òun kò sì tún ní wà á bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní ẹnu ọ̀nà ọsibítù, àwọn òṣìṣẹ́ ti ibùsùn oníkẹ̀kẹ́ wá. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ìka sí ètè, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n rọra, ìyàwó òun ń sùn. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ kan ọrùn Ìbídùn, ó sì dáwọ́ dúró.

Dókítà jáde wá. Lẹ́yìn tí ó ti wò ó tán, ó fi pẹ̀lẹ́ bi Ọdẹ́rìndé bóyá ó mọ ibi tí èémí Ìbídùn dákẹ́ sí lójú ọ̀nà, ṣé ní gígun òkè ni tàbí ní sísọ̀. Ọdẹ́rìndé yí padà, ó wo ọ̀nà tí wọ́n gbà wá. Ọdẹ tí ó mọ ibi tí ìgalà ti tẹ ewé gbígbẹ ní àná ni. Ó wá gbogbo ọ̀nà náà lọ́kàn, láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ títí dé ibi tí ó dúró sí, ó ń wá ibi tí nǹkan ti mì. Kò rí ibì kankan.

Ibi tí ọ̀gá mi dákẹ́ sí nìyẹn, n kò sì ní ẹnu tí n óò fi sọ̀rọ̀ kọjá ibẹ̀. Ẹ dìde jẹ́jẹ́, kí ẹ máa lọ sílé, kí ẹ kí ẹni tí ó wà níbẹ̀.